Omi Ńkọ́?

Ọkọ mi kì í ṣe òpùrọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ló sọ ọ́ di olórúkọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé mi ò bú òun. Ìtàn ló ń kọ. Iṣẹ́ oṣù rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan, nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń wá àṣìṣe nínú ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tirẹ̀ ni. Ìtàn àtọ̀sẹ̀dọ́sẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀.

Ó-Dọ̀la ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọn ò jayò pa. Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn nínú ìtàn ọkọ mi, ẹ lọ jókòó jẹ́ẹ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó tó ṣí i. Mo rántí obìnrin kan tó fi oṣù kan gbáko gun àtẹ̀gùn. Àwọn èèyàn á bú u, wọ́n á pòṣé, wọ́n á sì tún ra ìwé ìròyìn. Ọkọ mi fẹ́ràn ìpòṣé yẹn ju owó oṣù rẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni èmi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi, kọ́tìnnì búlúù kan ló pààlà sáàárín ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn oníbàárà mi á péjọ. Onídìrí tó wà nílé kejì ló máa ń kàwé fún wa, torí ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì mọ ohùn ọlọ́pàá sọ, ó mọ ti olè. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè wa kì í fi í ṣeré, ì báà ṣe pé kò tíì sùn látàárọ̀. Màámi náà á wá. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n títí dòní. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú bírò pupa wọn, wọ́n á sì máa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe ọkọ mi. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tó ń fi àṣìṣe ẹlòmíì jẹun, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wá ń fún un ní máàkì.

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọkọ mi máa ń wà lásìkò yẹn. Á gbé oúnjẹ rẹ̀ lé itan, á máa jẹun, á máa gbọ́. Ohun tí wọ́n bá pariwo lé lórí, á tún fi kún un. Ohun tí wọ́n bá yán sí, á yọ ọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ìtàn tí mò ń sọ yìí dá lórí bàbá onílé kan. Bàbá náà ti darúgbó, ìrántí rẹ̀ ti ń sá lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Ta ló ti ilẹ̀kùn? Ìbéèrè yẹn ni gbogbo wa ń jẹ, tí à ń mu. Ayálégbé kan wà níbẹ̀ tí bàbá fẹ́ lé jáde. Dírẹ́bà kan wà. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà, tí ilé náà ń wọ̀ lójú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin náà wà, ẹni tó ń dáná fún un tó ń fọṣọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, àbúrò yìí sunkún níwájú àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bèèrè omi, ẹ bèèrè omi títí ohùn yín fi há." Onídìrí fi ohùn ẹkún kà á, ó sì ń kà lọ. Màámi gbé bírò pupa sókè.

"Dúró ná. Inú yàrá tí wọ́n tì ni ọkùnrin yẹn kú sí. Ta ló sọ fún un pé omi ló ń bèèrè?"

Ariwo sọ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Háà! Àbúrò ni! Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́!" Nọ́ọ̀sì ń lu itan rẹ̀. Onídìrí ní òun ò kà mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun mí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá oúnjẹ ọkọ mi nílẹ̀, kò jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ karùn-ún péré! Ìyá ẹ ti bà á jẹ́ fún mi."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ omi yẹn síbẹ̀ ni?"

"Mo fi síbẹ̀ kí wọ́n lè rántí rẹ̀ níkẹyìn ni. Ta ní máa ra ìwé ìròyìn nítorí ohun tó ti mọ̀? Màá yí i padà."

"Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣé ó wá burú ni?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní kí n gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ mi. Ṣé ẹ gbọ́? Abẹ́rẹ́ mi tó ń san owó iná ilé. Mi ò gbàgbé o.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá káàkiri nìyẹn. Ó kọ́kọ́ yọ àbúrò kúrò: ó ní ọjà ni ó wà lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́rìí pọ̀. Nígbà tí onídìrí nawọ́ sí ayálégbé, ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni ayálégbé ti ń sanra nínú àtìmọ́lé nítorí ẹjọ́ mìíì. Nọ́ọ̀sì ní dírẹ́bà ni, ọkọ mi sáré kán dírẹ́bà lẹ́sẹ̀, ó gbé e sí ọsibítù. Ẹni tí wọ́n bá ti fura sí, ọkọ mi á bá a wá àwáwí. Nígbà tí yóò fi tó oṣù bíi mélòó kan, kò sí ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àfi ológbò.

Ọjọ́ tí ìtàn máa parí pé wàyí. Ọkọ mi tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbé oúnjẹ. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Onídìrí nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ olóògbé. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, ojú rẹ̀ àti ojú òkú bákan náà. Ó ní, "Èmi ni ìkejì rẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo wọkọ̀ òfuurufú wá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì padà lọ́jọ́ náà." Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó parí.

Onídìrí yí ìwé ìròyìn padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ó kù.

"Ìbejì wo?" Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Èmi tí mi ò sùn nítorí dírẹ́bà yẹn!"

"Ìbejì tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ rí? Ó rẹ́ wa jẹ ni!"

Màámi bọ́ awò ojú wọn. Mi ò rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe, ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Omi ńkọ́?"

Ẹ̀rín ló bẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan di ara rẹ̀ mú mọ́ máṣíìnì mi. "Omi ńkọ́? Tíṣà, ẹ bá wa bi í o! Omi ńkọ́?" Mo bojú wolẹ̀, ojú ń gbà mí tì. Mo wá rí i pé kọ́tìnnì yẹn kò kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ mi hàn lábẹ́ rẹ̀ kedere, ó ká gbogbo ìka rẹ̀ kò. Bí mo ṣe gbójú sókè, màámi náà ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ, aránṣọ fẹ́ ṣiṣẹ́." Wọ́n lé gbogbo èrò jáde bí ẹni lé ọmọ iléèwé. Ọkọ mi kò jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ náà ti gba ìgboro. Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá fún ọkọ mi, ó ní, "Ó-Dọ̀la, omi ńkọ́?" Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ife omi kan sórí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó fi ìwé bò ó. Ọkọ mi wá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èmi náà ò ríbi sá sí. Oníbàárà mi kan wá gba aṣọ, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Màmá Aránṣọ, ẹ ò ṣáà rán apá kẹta mọ́ ọn, èyí tá ò bá yín sọ?" Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ ra òmíì tó ti ní apá lọ́jà. Mo ti bínú tán kí n tó rántí pé oníbàárà dáadáa ni.

Ọ̀gá olóòtú wá ránṣẹ́ pè é. Àpò lẹ́tà méjì wà nílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ìbéèrè kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ọ̀gá ní, "Mi ò ní pariwo. Kọ òpin mìíì, ká tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kà wá. Tí èyí náà ò bá dáa, bọ́ọ̀lù la ó máa fi sójú ewé yẹn, wàá sì jókòó sínú yàrá àṣìṣe rẹ." Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè. Ojú ewé yẹn nìkan ni nǹkan tó ń jẹ́ tirẹ̀ láyé. Bí wọ́n bá gbà á, mo mọ̀ pé kò tún ní kọ nǹkan kan mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ó jókòó ti tábìlì. Ó kọ, ó fà á ya.

"Àbúrò ni," ó wí fún mi. "Òun ni látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí. Mo kọ ọ́ pé torí ogún ni, kò bá a mu. Mo kọ ọ́ pé ó kórìíra rẹ̀. Ẹni tó bá kórìíra èèyàn, ṣé á máa bá a lọ aṣọ ni? Kí ló lè mú un dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa gbọ́?"

"Ẹ lọ bi màámi."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

"Ojú tó wà lórí yín náà ni. Ṣé ẹ ní òmíì?"

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ. Màámi ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi kò jókòó, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Torí pé ẹ mọ̀ ọ́n ni mo ṣe yí i."

"Mo mọ̀, àna mi. Mo rí i bó o ṣe ń sá fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Kí ló dé tí obìnrin yẹn ò ṣílẹ̀kùn?"

Wọ́n ká ìró kan, wọ́n tú u, wọ́n tún ká a.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Wọ́n wá yíjú sí èmi. "Ṣé o rántí ọdún tí àìsàn dá bàbá rẹ wólẹ̀? O wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ nígbà yẹn. Omi ni wọ́n máa ń bèèrè. Màá gbé e dé, wọ́n á dà á sára. Màá pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á ní omi náà gbóná. Màá pààrọ̀ omi, wọ́n á ní ta ló bèèrè omi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tọ̀sán tòru. Lọ́jọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ni. Wọ́n pè mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí n ṣáà jókòó díẹ̀. Wọ́n tún pè mí, wọ́n fi orúkọ mi pè mí. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Nígbà tí wọ́n wá dákẹ́, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti sùn."

Wọ́n gbé ìró náà lé orí èyí tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀.

"Dókítà ní omi ò lè gbà wọ́n là. Mo gbà. Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n bèèrè, wọn ò bèèrè ẹ̀mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìtàn rẹ, ṣe ni mo rò pé ẹnì kan rí mi lọ́jọ́ náà."

Ohun tí wọ́n sọ fún mi látọjọ́ yìí ni pé ọwọ́ àwọn ni bàámi dákẹ́ sí, pẹ́sẹ́pẹ́sẹ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mú báàgì mi, mo jáde. Mi ò kí wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi ní òun ò kọ ọ́ mọ́. "Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Mi ò lè fi ìtìjú ìyá ẹ wá oúnjẹ." Fóònù rẹ̀ dún, màámi ni. Ohùn wọn já geere títí dé ọ̀dọ̀ mi: "Kọ ọ́. Má parọ́ pé ẹni burúkú ni. Má sì parọ́ pé kò ṣe nǹkan kan." Ọkọ mi bojú wò mí. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Bàbá ẹ ni." Mo ní kó ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹ mọ irú ohùn tí obìnrin máa ń fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Màámi wá, wọn ò mú bírò pupa dání. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀, mo tẹ orí mọ́ máṣíìnì mi. Ọkọ mi kò lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì lọ́tẹ̀ yìí. Orí àpótí kékeré ló jókòó sí láàárín àwọn èèyàn, àwọn kan sì ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. "Ìbejì ti kọjá, ìbẹta ló kàn," bẹ́ẹ̀ lẹnì kan wí. Ó gbọ́, ó gbà á mọ́ra.

Onídìrí kà á. Àforíjì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìtàn. Ọlọ́pàá ti pa ẹjọ́ náà tì, wọ́n ń kó ìwé wọn. Ẹnikẹ́ni ò bi àbúrò ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọjà tí òun lóun lọ lọ́jọ́ náà, òun ò lọ, òun ló bẹ àwọn ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Èmi ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń rìn jáde sí títì láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, mo sì fẹ́ sùn díẹ̀. Díẹ̀ péré. Nígbà tí wọ́n bèèrè omi, mo jí. Mo gbọ́ ọ." Ibẹ̀ ló parí sí.

Onídìrí ò yí ìwé padà. Ó ká a, ó fi apá aṣọ nu ojú.

"Mo mọ̀!" Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀. "Mo ti mọ̀ látìgbà omi yẹn!"

"Èmi náà mọ̀!"

"Ta ni ò mọ̀? Ó hàn gbangba!"

Òpùrọ́ gbogbo wọn! Ẹni tó lé dírẹ́bà kiri fún oṣù mélòó kan náà ló ń sọ pé òun ti mọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ń nawọ́ sí ọkọ mi, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ló bí i nínú nígbà àkọ́kọ́, òun náà ló wá mú un níyì lọ́wọ́ wọn báyìí. Ojú ewé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín, màámi ló ń wò.

Màámi wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi bu omi díẹ̀."

Nínú ariwo yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Èmi gbọ́. Kúlà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ife wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kàn ń tẹ máṣíìnì lọ ni, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Bàámi ni mò ń rò. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí màámi náà bèèrè omi títí, kí wọ́n mọ bó ṣe máa ń rí.

"Ọmọ mi," wọ́n tún pè mí. "Omi."

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi dúró. Mo bu omi kún ife dé ẹnu, ó dà sí mi lára kí n tó dé ìdí fèrèsé. Wọ́n gbà á, wọ́n mu ún tán, wọn ò gbé ife náà sílẹ̀.

Mo fẹnu sún mọ́ etí wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé o gbọ́."